Lẹ́yìn tí Omi Fà Tán ní Fori

Òru ọjọ́ kẹsàn-án mọ́jú ọjọ́ kẹwàá, Oṣù Kẹsàn-án 2024, ni dáàmù Alau já, tí omi sì ya wọ Maiduguri. Fori wà lára àwọn àdúgbò tó bò mọ́lẹ̀. Omi náà bo Galtimari, ó bo Gwange, ó bo Bulabulin, ó wọ ọjà Monday Market, ó sì wọ ààfin Shehu Borno. Ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n wó, ẹlẹ́wọ̀n bíi 280 sá lọ. Ọgbà ẹranko Sanda Kyarimi pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àwọn ẹranko rẹ̀. Àwọn ènìyàn tí omi lé kúrò nílé lé ní 400,000. Ẹni tó bá wà n'Ìbàdàn lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n Oṣù Kẹjọ 1980, nígbà tí Ògùnpa ya, kò nílò kí n ṣàlàyé púpọ̀ fún un.

Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ti Ìbàdàn. Ẹni tí Ògùnpa gba ilé rẹ̀ ṣì ní abúlé tàbí oko baba tó lè sá lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tí omi Alau bá ní Maiduguri, ogun ló gbé wọn débẹ̀. Láti 2009 tí wọ́n ti pa Mohammed Yusuf, olórí Boko Haram, tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà sì di ogun gidi, ó lé ní mílíọ̀nù méjì ènìyàn tó ti sá kúrò nílé ní àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ní 2021, àjọ UNDP ṣírò rẹ̀ pé iye ẹ̀mí tó bá ogun náà lọ títí di òpin 2020 tó nǹkan bí 350,000, bí a bá ka àwọn tí ebi àti àìsàn tó tẹ̀lé ogun pa mọ́ àwọn tí ìbọn pa. Ẹni tí omi gba yàrá rẹ̀ ní Fori lè jẹ́ ẹni tí iná ti jó ilé rẹ̀ níbòmíràn ṣáájú.

Tí irú nǹkan báyìí bá ti ṣẹlẹ̀, ìbéèrè kan wà tí àwọn tó jìnnà síbẹ̀ máa ń béèrè, bí wọn kò tilẹ̀ fi ẹnu gbé e jáde: mélòó nínú wọn ló ti gbẹ̀mí ara rẹ̀? Wọ́n rò pé ìdáhùn náà á pọ̀, torí lójú ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, ìyà tó pọ̀ tó báyìí kò ní ṣàì lé ènìyàn dé bèbè.

Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà dá wọn lóhùn. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Ọjọ́ tó kú gan-an ni wọ́n sábà máa ń sin ín, láìsí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, láìsí akọ̀wé tó kọ ohun tó pa á sílẹ̀. Ìdílé tí irú rẹ̀ bá sì ṣẹlẹ̀ sí, àìsàn ni wọn á pè é. Wọ́n lẹ́jọ́ láti rò. Ẹ̀sìn kọ̀ ọ́, òfin sì ń wá ẹni tó bá gbìyànjú rẹ̀ tí kò kú: ìpín 231 nínú Penal Code tí Àríwá jogún láti 1960 ní kí wọ́n fi í sẹ́wọ̀n títí dé ọdún kan, tàbí kó san owó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Ẹ má sì rò pé àwa ará Gúúsù sàn jù wọ́n lọ. Ìpín 327 nínú Criminal Code náà sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni. Èkó yà sọ́tọ̀ díẹ̀, torí òfin tirẹ̀ ní kí adájọ́ pàṣẹ kí wọ́n gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sílé ìwòsàn.

Nítorí náà, ìfojúdíwọ̀n ni ọ̀pọ̀ nọ́ńbà tí à ń kà nípa Nàìjíríà. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣe ìṣirò ọdún 2016, ó kọ 17.3 nínú 100,000 sí orúkọ wa, ariwo sì gba ìwé ìròyìn kan. Nígbà tó ṣe ti 2019, ó di 6.9. Ṣé ara ló wá tu àwọn ọmọ Nàìjíríà tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta? Ọ̀nà ìṣirò ló yí padà, àwọn òkú kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá pàápàá, Dókítà Tolani Asuni ti ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò, l'Abẹ́òkúta, yẹ ìwé àwọn kòrónà, ìyẹn àwọn tó ń wádìí ohun tó pa òkú, ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà wò, ó sì kọ ọ́ ní 1962 pé iye àwọn tó ń pa ara wọn kò tó ẹyọ kan nínú 100,000 lọ́dún. Nígbà tí àwọn dókítà Ilé-Ifẹ̀ ka òkú tí wọ́n gbé wá sílé ìwòsàn tiwọn, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001, 0.4 ni wọ́n rí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi òkú sílẹ̀, wọ́n lọ bá alààyè nílé. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2007, 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní èrò náà ti wá sí òun lọ́kàn rí, 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní òun ti gbìyànjú rẹ̀. Mo mọ̀ pé gbígbìyànjú kì í ṣe kíkú, mo sì mọ̀ pé ọdún kan kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Síbẹ̀, méje nínú ẹgbẹ̀rún yìí jìnnà púpọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé kòrónà, àárín àwọn méjèèjì sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé wà, tí wọ́n panu mọ́.

Nítorí náà, a kò lè ka iye àwọn tó pa ara wọn ní Fori. Ṣùgbọ́n a lè mọ ọ̀nà tó ń gbé ènìyàn débẹ̀, nítorí àwọn ìlú tó ní ìwé ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì yàtọ̀ sí ohun tí ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ rò.

Ní 1897 ni Émile Durkheim, ará Faransé, tẹ ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde. Ó ní ìgbà ogun, iye àwọn tó ń pa ara wọn máa ń dín kù ni. Ó ní òṣì fúnra rẹ̀ kì í fà á, pé kí ipò ènìyàn yí bìrí lójijì ló léwu, ì báà jẹ́ sókè, ì báà jẹ́ sísàlẹ̀. Wọ́n ti bá a jiyàn láti ìgbà náà, wọ́n sì jàre níbì kan: ebi àti àìríṣẹ́ṣe kì í ṣe aṣọ ìdáàbòbò fún ẹnikẹ́ni. David Stuckler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù wò, wọ́n sì rí i ní 2009 pé bí àìríṣẹ́ṣe bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé, iye àwọn tó gbẹ̀mí ara wọn láàárín àwọn tí kò tíì pé ọdún 65 á fi 0.79 nínú ọgọ́rùn-ún gorí i. Síbẹ̀, mo gbà pé Durkheim mú ibi tó yẹ ní mímú. Nígbà tí ìyà bá jẹ́ ti gbogbo ìlú, kò sẹ́ni tó ń tijú. Omi wọ ilé Shehu, omi wọ ilé alágbàfọ̀. Ta ni ojú máa tì?

Ìgbà tó bá yá ni ìṣòro ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn kan ti tún ilé wọn kọ́, tí wọ́n tún ṣọ́ọ̀bù wọn ṣí, tí àwọn tó ń pín ìrẹsì ti wọ mọ́tò wọn lọ, tí ẹni tí kò tíì dìde wá di ẹni tí wọ́n ń fojú ọ̀lẹ wò.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọkùnrin kan ní Fori. N kò mọ ẹnì kan tó jẹ́ báyìí. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ìlú náà ni mo kó jọ sórí ẹnì kan. Ọ̀kadà ló ń gùn, àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní àṣàbá. Ní Oṣù Keje 2011, ìjọba Borno fòfin de ọ̀kadà torí àwọn agbésùnmọ̀mí ń lò ó. Ó tà á ní ẹ̀dínwó, ó lọ ń dáko ìrẹsì níhà Zabarmari. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n Oṣù Kọkànlá 2020, wọ́n pa àwọn àgbẹ̀ tó lé ní ogójì ní Koshobe, lórí oko. Ó fi oko sílẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ alurinmọ́ra. Ní Oṣù Kìn-ín-ní 2021 ni wọ́n fọ́ wáyà iná mànàmáná tó wọ Maiduguri, ìlú sì wà lókùnkùn fún oṣù púpọ̀. Ó yáwó, ó gba ìsọ̀ ní Monday Market. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n Oṣù Kejì 2023, ọjà náà jóná. Ó tún yáwó. Oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, náírà sì já wálẹ̀ ní Oṣù Kẹfà. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kejìlá 2024, ọ̀wọ́n gógó oúnjẹ ti dé 39.84 nínú ọgọ́rùn-ún. Àárín ìyẹn náà ni omi Alau dé.

Ẹ ò rí i pé kò sí ìgbà kan tó jókòó láìṣe nǹkan. Òun ló mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le. Ọ̀lẹ kò lẹ́ni tó jẹ ní gbèsè púpọ̀, torí kò sẹ́ni tó máa yá a lówó. Ẹni tó ń tiraka ni gbèsè ń mọ̀ lójú. Àwọn àkójọ ìwádìí láti àwọn ilẹ̀ tí kò lówó púpọ̀ náà sì ń ka gbèsè àti àìríṣẹ́ṣe mọ́ ohun tó so mọ́ kí ènìyàn pa ara rẹ̀.

Kò yẹ kí ìyẹn ya Yorùbá lẹ́nu. Àwa la ní ikú yá ju ẹ̀sín. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ, à ń fi yin akọni, a sì ń gbàgbé ẹni tí ń gbọ́ ọ lẹ́yìn odi, tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn. Ayé àtijọ́ mọ gbèsè gẹ́gẹ́ bí ìtìjú gbangba: wọn á dógò ti onígbèsè, ológò á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, á máa bú u, á máa pa adìyẹ rẹ̀ jẹ, títí gbogbo ẹbí á fi dá owó náà. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ àwìn káàkiri gba orúkọ òṣómàáló nídìí ìlóṣòó de onígbèsè. Ó burú, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan: ẹbí ni wọ́n dógò tì. Ìtìjú náà ní ibi tó ń parí sí, ọmọ kan á lọ ṣe ìwọ̀fà, owó á san, ológò á dìde. Ẹ wá wo ti òde òní. Àwọn ilé iṣẹ́ ayánilówó orí fóònù tó gbòde yìí, bí ènìyàn bá fi ọjọ́ méjì pẹ́, wọn á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀, wọn á pè é lólè lójú àna rẹ̀, lójú ọ̀gá rẹ̀, lójú ìyá ìjọ. Àjọ FCCPC, tó ń gbèjà oníbàárà, ya wọ ilé àwọn kan lára wọn l'Ékòó ní Oṣù Kẹta 2022, ó sì gbé ìlànà jáde lọ́dún náà. Kò sí ẹbí nínú èyí. Òun àti fóònù rẹ̀ ni, lóru.

Japan ni ilẹ̀ tó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí jù. Ní 1997, àwọn tó gbẹ̀mí ara wọn níbẹ̀ jẹ́ 24,391. Ọrọ̀ ajé Éṣíà dojú dé, báńkì wó, ilé iṣẹ́ lé òṣìṣẹ́. Ní 1998, iye náà fò sókè sí 32,863. Ọ̀pọ̀ lára ìlékún náà jẹ́ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù iṣẹ́. Fún ọdún mẹ́rìnlá gbáko, kò wá sísàlẹ̀ 30,000. Ohun tó wù mí nínú ìtàn náà ni pé wọn kò fi í sílẹ̀ fún àwọn dókítà ọpọlọ nìkan. Ní 2006, ilé aṣòfin wọn ṣòfin tó sọ ọ́ di iṣẹ́ ìjọba, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí ìdílé. Ní Oṣù Kẹfà 2010, òfin owó èlé tuntun mú iye èlé wálẹ̀, ó sì dí ẹnu ọ̀nà ayáwó-lé-yáwó. Ní 2012, iye náà rẹlẹ̀ ju 30,000 lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1997. N kò ní sọ pé òfin èlé nìkan ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ta ló rò pé minísítà ètò ìṣúná náà lè jẹ́ dókítà?

Ní Indonéṣíà, owó ọwọ́ lásán ni. Láti 2007 ni ìjọba wọn ti ń fún àwọn ìdílé tí kò ní lówó, lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní PKH. Kì í ṣe torí ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Torí kí ọmọ lè lọ sílé ìwé, kí aboyún lè lọ sílé ìwòsàn ni. Cornelius Christian, Lukas Hensel àti Christopher Roth fi àwọn agbègbè tó kọ́kọ́ gba owó náà wé àwọn tó gbà á lẹ́yìn, wọ́n sì rí i pé ó dín iye àwọn tó ń pa ara wọn kù ní ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n tún rí i pé ọdún tí òjò bá tasé, tí oko kò sì ṣe dáadáa, ni owó náà ṣiṣẹ́ jù.

Maiduguri ń rìn sí ìhà kejì. Láti 2021 ni ìjọba Gómìnà Babagana Zulum ti ń ti àwọn ibùdó ogúnléndé inú ìlú pa. Ti Bakassi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lọ. Ìdí tó fún wọn kì í ṣe àsọdùn: ènìyàn kò lè máa tòrò oúnjẹ títí ayé, ìwà ìbàjẹ́ sì ń gbilẹ̀ nínú ibùdó. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ oko tó kọjá yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká kò tíì ṣeé dé láìbẹ̀rù, kí ni wọ́n lé wọn lọ ṣe? Ní Oṣù Keje 2025, àjọ WFP náà kéde pé owó ti tán, pé àfàìmọ̀ kí òun má dá oúnjẹ pàjáwìrì tí òun ń fún mílíọ̀nù 1.3 ènìyàn ní àríwá ìlà-oòrùn dúró. Dáàmù náà ti rí owó: ìjọba àpapọ̀ ya nǹkan bí bílíọ̀nù 80 náírà sọ́tọ̀ láti tún un ṣe.

Ohun kan tún wà tí owó nìkan kò lè rà padà. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Kobe, ní Japan, ọjọ́ kẹtàdínlógún Oṣù Kìn-ín-ní 1995, àwọn tó kú lé ní 6,000. Ìjọba kọ́ ilé onígbà díẹ̀ kíákíá, wọ́n sì fi ìbò pín in, arúgbó ló kọ́kọ́ gbà. Ó dára lójú, ó sì bá òdodo mu. Ṣùgbọ́n ìbò kò mọ aládùúgbò. Ìyá àgbà tó ti ń gbé lójú pópó kan fún ogójì ọdún bá ara rẹ̀ láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí. Ó lé ní 200 ènìyàn tó dá kú sínú ilé wọ̀nyẹn láìsí ẹni tó mọ̀, àwọn kan torí àìsàn, àwọn kan torí ọtí, àwọn kan nípa ọwọ́ ara wọn. Fori kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Àdáṣì tí àwọn obìnrin ń dá, bíi àjọ tiwa, ṣì ń lọ. Mọ́sáláṣí ṣì ń pe ìrun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, ẹni tí wọn kò bá rí ní ìrun Súbúì, ẹnì kan á béèrè rẹ̀. Lójú tèmi, nǹkan wọ̀nyí ló ń gbé ìlú náà ró ju ohunkóhun tí àwọn àjọ gbé wá lọ. Wọ́n sì lè já. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kó ènìyàn láti ilé ìwé lọ sí ibùdó, láti ibùdó lọ sí abúlé tuntun, àdáṣì kan ń tú ká.

WHO sọ pé nínú ẹni márùn-ún tó ń gbé níbi tí ogun ti jà láàárín ọdún mẹ́wàá, ẹnì kan ní àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn, ì báà jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí ìpayà tí kì í lọ. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àìsàn ọpọlọ wà ní Maiduguri, WHO sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé ní Borno láti máa tọ́jú irú àìsàn bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá ilé. Ní Oṣù Kìn-ín-ní 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tó rọ́pò Lunacy Act ti 1958. Ó jẹ́ ohun ìdùnnú, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ìpín 231 àti 327. Gánà yọ irú ìpín bẹ́ẹ̀ kúrò nínú òfin tirẹ̀ lọ́dún 2023 kan náà. Ìwé ètò tí ìjọba tiwa fúnra rẹ̀ ṣe lórí dídènà pípa ara ẹni, ti 2023 sí 2030, wà nílẹ̀. Ó ṣòro kí ìwé kan máa pe ènìyàn wá gba ìtọ́jú kí òmíràn máa pè é wá sẹ́wọ̀n.

Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ kan wà tó lè ṣòro fún wọn láti gbà: kí wọ́n béèrè ní tààrà. Ìbẹ̀rù wa ni pé bí a bá dárúkọ rẹ̀, a ó gbìn ín sí ẹni náà lọ́kàn. Ìwádìí kò bá a bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ lè tu ẹni tí wọ́n bi lára. Kí nọ́ọ̀sì tilẹ̀kùn, kó fi èdè Kànúrí tàbí Haúsá bi í bóyá ó ti ń rò ó láti pa ara rẹ̀, kó sì dákẹ́ gbọ́ ọ. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kó má fi ẹni náà nìkan sílẹ̀, kó ránṣẹ́ sí ẹbí tó fọkàn tán, kó sì gbé e lọ bá dókítà. Èmi ìbá fi ìbéèrè kejì kún un fún Fori, kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú káàdì pẹ̀lú ti ẹ̀jẹ̀ ríru: èló ni gbèsè ọrùn rẹ, ta lo jẹ, ìgbà wo ló sì ní òun ń bọ̀ wá gbà á?